Opó arẹwà àti ọdẹ agbẹ̀san: bí a ṣe ń tún ìtàn ẹ̀yìn ẹ̀dá inú gẹ́ẹ̀mù kọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe gẹ́ẹ̀mù RPG orí tábìlì, níbi tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn, tí a sì ń ta dáìsì, ní Tánkè, Ìlọrin, ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi sì ni atọ́kùn tó ń darí ìtàn. A gbé ìtàn wa sí ilẹ̀ Ìlọrin àti Ìgbómìnà láyé àtijọ́, kí Òyìnbó tó dé. Nígbà tí àwọn márùn-ún yòókù kọ ìtàn ẹ̀yìn ẹ̀dá wọn wá, ìyẹn ìgbésí ayé rẹ̀ kí gẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀ ló jẹ́ ọdẹ tàbí jagunjagun tí wọ́n pa ìyàwó rẹ̀. Gbogbo obìnrin ló jẹ́ opó, eléwé-ọmọ tàbí àjẹ́, kò sì sí èyí tí kò lẹ́wà nínú wọn. Àwọn obìnrin méjì tó wà láàárín wa ní ó ti sú àwọn. Àwọn kan ní bí ayé àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe láìparọ́ mọ́ ìtàn? Ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin sì fẹ́ ṣe obìnrin, àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ atọ́kùn.

Ká tètè gbé ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Pé obìnrin inú ìtàn yín jẹ́ opó tàbí eléwé-ọmọ kọ́ ni àléébù rẹ̀. Opó ń bẹ láyé, eléwé-ọmọ ń bẹ, arẹwà náà ń bẹ. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú ìtàn náà. Ẹ kó ìwé ẹ̀dá máràrùn-ún jọ, kí ẹ mú bíírò pupa àti búlúù. Ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí ẹ̀dá náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi búlúù fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ṣe sí i tàbí tó kàn ṣẹlẹ̀ sí i. Irú èyí ni ó ṣeé ṣe kí ẹ bá níbẹ̀:

"Àmọ̀kẹ́, arẹwà obìnrin ará Òkèlele ní Ìlọrin. Àwọn akónilẹ́rú jó ilé rẹ̀, wọ́n pa ọkọ rẹ̀, wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan gbà á sílé, ó kọ́ ọ ní ewé. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a gba ọmọ rẹ̀ padà."

Jó, pa, kó lọ, gbà sílé, kọ́: búlúù ni gbogbo wọn. Pupa kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni "ń wá", ẹni tó sì ń wá náà ni ẹni tí yóò bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wo ti ọkùnrin:

"Àjàní, ọdẹ ará Ọ̀rọ̀. Àwọn akónilẹ́rú pa ìyàwó rẹ̀. Ó búra pé òun máa gbẹ̀san. Ó tọ ipasẹ̀ wọn dé Bódè Sáàdú, ó pa méjì, ẹ̀kẹta sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń wá ẹ̀kẹta yẹn."

Àjálù kan náà ló bá àwọn méjèèjì, ọ̀kan ló wá ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nígbà tí gẹ́ẹ̀mù bá bẹ̀rẹ̀, Àjàní á ti mọ ibi tó ń lọ. Àmọ̀kẹ́ á máa wo ẹnu àwọn yòókù. Ẹ má di ẹ̀bi náà ru ẹni tó ń ṣe Àmọ̀kẹ́, kò sí nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀ tó lè mú lò. Ẹ sì ṣàkíyèsí ìyàwó Àjàní: kò lórúkọ, kò níṣẹ́, wọ́n pa á kí ọkọ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe ni. Òfin tiwa ni pé kí pupa tó ìdajì nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Èyí tí búlúù bá borí nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, ìbáà jẹ́ akọ ìbáà jẹ́ abo.

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Tánkè. Inú eré ogun tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ta lórí tábìlì ni gẹ́ẹ̀mù RPG tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons ti jáde ní 1974, eré ọkùnrin pọ́ńbélé sì ni eré ogun yẹn. Nígbà tó di 1978, ìwé òfin Advanced Dungeons & Dragons kúkú fi nọ́ńbà dè é mọ́lẹ̀: láàárín ọmọ ènìyàn, agbára jagunjagun ọkùnrin lè dé 18/00, tó ga jù lọ, ti obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá 18/50. Lórí àtẹ, ọkùnrin yẹn á fi 3 kún dáìsì ìkọlù, á fi 6 kún ọṣẹ́ tó bá ṣe. Obìnrin á fi 1 àti 3 kún tirẹ̀. Ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 1989, ló yọ òfin náà kúrò. Òfin lọ, àṣà kù. Ìtàn ẹ̀yìn 13 ni ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 to sílẹ̀, láti ológun dé atukọ̀ dé ọ̀daràn, kò sì sọ pé ọkùnrin ló ni ọ̀kan tàbí obìnrin. Àwọn tó ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ló ń pín in fúnra wọn.

Bí ìwé òfin gẹ́ẹ̀mù yẹn ti 2024 bá ni ẹ ń lò, ẹ kíyè sára gan-an, torí ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀yìn ti ń gbé máàkì dání. Ẹni tó bá mú ìtàn ológun á pín máàkì rẹ̀ sáàárín agbára, ìyára àti ìfaradà: 2 sí ọ̀kan àti 1 sí òmíràn, tàbí 1 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ti ìránṣẹ́ ilé ìjọsìn á pín in sáàárín làákàyè, òye àti ìfanimọ́ra, kò sì ní rí ìdá kan fi sí agbára. Bí gbogbo obìnrin yín bá ti ilé ìjọsìn wá, tí gbogbo ọkùnrin sì ti ojú ogun wá, òfin 1978 ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà nìyẹn, láìsí ẹni tó dìbò fún un. Máàkì 2 ní ń fi 1 kún dáìsì ojú 20. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àmọ́ bí wọ́n bá ta dáìsì ìkọlù lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ní alẹ́ kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ tó bíi ìkọlù kan tó wọlé fún ẹnì kan tó sì tàsé fún ẹnì kejì.

Ó yá, ká bọ́ sí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn tán kí wọ́n tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Èdè wa gbà wá láyè láti ṣe é: bí ẹ bá yọ orúkọ, oríkì, "ọkọ", "ìyàwó", "ìyá" àti "bàbá" kúrò, "ó" àti "rẹ̀" kò ní tú àṣírí. Ẹni tó bá ń fi Òyìnbó kọ tirẹ̀, ẹ ní kó fi Yorùbá kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìbéèrè méje ni kí kálukú dáhùn, gbólóhùn kan tàbí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má ju 150 ọ̀rọ̀ lọ. Ìtàn tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ gan-an á ti gbàgbé ìdajì rẹ̀ kó tó di ìjókòó kẹta.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí sì ni ohun kan nínú iṣẹ́ náà tí ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè mọ̀? Ta ló kọ́ ọ? Àwọn èèyàn méjì wo ló lè bẹ̀ lọ́wẹ̀, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ẹbí tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé? Gbèsè wo ló jẹ, owó tàbí oore? Kí ló fẹ́, tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láàárín ìjókòó mẹ́ta? Kí ló ṣe rí tí kò yẹ kó ṣe? Ìwà wo ló ní tó lè ba ìrìn àjò jẹ́ fún gbogbo yín, tí kò sì kan ọ̀rọ̀ ìfẹ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìbéèrè kẹfà. Ibẹ̀ ni obìnrin inú gẹ́ẹ̀mù ti ń sọ nù jù. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í fẹ́ kó jẹ̀bi ohunkóhun. Wọ́n á ní wọ́n dà á, wọ́n lé e, wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò ṣẹ̀ rí kò ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀, kò ní ẹni tó ń sá fún, kò sì ní ìdí tó fi máa jí dìde lóru kó jáde nílé. Ọkùnrin ni wọ́n máa ń jẹ́ kó jalè, kó sá lójú ogun, kó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ pín ẹ̀ṣẹ̀ náà kárí.

Ìgbà tí ìwé bá dọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó ta dáìsì: 1, 3, 5 fún ọkùnrin, 2, 4, 6 fún obìnrin. Orúkọ àti oríkì á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ lè yí i, kò sí tipátipá níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kankan nínú ìdáhùn méje náà kúrò. Ẹ máa ṣọ́ ibí yìí o. Ẹnì kan á kọ ẹ̀dá tó jẹ́ adúnàádúrà olóríkunkun. Bí dáìsì bá ti sọ pé obìnrin ni, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun "tún un ṣe díẹ̀". Nígbà tó bá fi máa dá a padà, oríkunkun ti di omijé. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ gbà kó fi kún un.

Ẹ wo ohun tí Àmọ̀kẹ́ lè dà:

"Àmọ̀kẹ́, amọ̀kòkò ní Òkèlele. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Bó bá fi ìka kan ìkòkò, ó mọ̀ bóyá ó ti sán nínú; bó bá yí ìdí rẹ̀ wò, ó mọ agboolé tí wọ́n ti mọ ọ́n. Ó gbowó ogójì ìkòkò sílẹ̀ lọ́wọ́ alájàpá kan ní Ọ̀fà. Ó kánjú, ó kó wọn sínú iná kí wọ́n tó gbẹ dénú, méjìdínlọ́gbọ̀n bẹ́. Ó sọ fún alájàpá náà pé àwọn akónilẹ́rú ló fọ́ ọ. Ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ alájàpá náà títí owó yóò fi pé. Ó fẹ́ san án kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe wọ́lìmọ́ wà ní agboolé Balógun Gàmbàrí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kan sì máa ń jẹ́ kó kọjá láìsanwó. Kò lè ní sùúrù."

Ọmọ náà kò sí nílé síbẹ̀, ọkàn ìyá rẹ̀ sì gbọgbẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e lọ, irọ́ tó pa ń bọ̀ wá bá a, ó sì ní ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Ẹ kà á: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pupa ni gbogbo rẹ̀. Bóyá ó ní ọkọ tàbí kò ní, ẹni tó ń ṣe é lè sọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Kò yí nǹkan kan padà.

Òótọ́ inú iṣẹ́ ló gbé ìtàn yẹn ró. Bí amọ̀ kò bá gbẹ tán, omi inú rẹ̀ á di ooru nínú iná, á máa wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bẹ́. Ìdí nìyí tí òjò fi jẹ́ ọ̀tá amọ̀kòkò, tí ọjọ́ gbèsè Àmọ̀kẹ́ fi ní ìtumọ̀. Èyí tó bá jáde láyọ̀, wọ́n á wọ́n omi èèpo igbá, igi tí irú ti ń wá, sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, kó lè pọ́n kó sì dán. Ẹ̀yin atọ́kùn wá ní nǹkan láti fi ṣeré. Ẹ sọ àpáàdì kan sí ibùdó àwọn olè. Bó bá jẹ́ ti Òkèlele, Àmọ̀kẹ́ kò nílò dáìsì, ó mọ̀ ọ́n ni. Bó bá jẹ́ ìkòkò ibòmíràn, kó ta dáìsì ojú 20, kó wá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èérún tí iná ti dà láwọ̀ rú, kó wá 15. Ọdẹ ò lè ṣe èyí. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ó bá tú àṣírí ibi tí àwọn olè ti ń ra ohun èlò wọn, kò ní sí ẹni tó máa béèrè mọ́ pé kí ni amọ̀kòkò ń ṣe láàárín jagunjagun.

Ó wá ku àwọn tó ní bí ayé àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí ayé àtijọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú fíìmù ni. Opó arẹwà, orogún ìkà àti ìyá arúgbó tó ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ọjà fíìmù ni wọ́n. Ìlọrin àtijọ́ ní ọjà tirẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pín iṣẹ́ ní takọtabo. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò, obìnrin ló ń rẹ aró. Ọkùnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì, tí ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀. Obìnrin ló ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró. Ọkùnrin ló ń rọ irin. Oyè àwọn Balógun mẹ́rin Ìlọrin, ìyẹn Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkóbi àti Alánàámù, ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yín dúró lórí Ìlọrin kí Royal Niger Company tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1897, ẹ má ṣe fi obìnrin jẹ Balógun Àjíkóbi bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n pípín iṣẹ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìlọ́wọ́. Alájàpá tó ń ti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin mọ ọ̀nà ju ọdẹ lọ, ó mọ iye tí oníbodè kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó sì mọ ẹni tó ń purọ́ nípa iye obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Aláró mọ aṣọ ta ni ẹ̀jẹ̀ kàn. Ìyá tó ń gba àlejò sílé ní Ìlọrin, níbi tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá àti ti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé, á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun kó tó dé ààfin. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, ń yá àwọn ológun ní ohun ìjà lórí àwìn. Ohun tí a sábà ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni ọmọ tó kú àti ìkà tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi bíírò yín wò ó: ikú ọmọ búlúù ni, àwìn ìbọn pupa ni. Olórí ogun tó jẹ obìnrin ní gbèsè ìbọn máa fún yín ní ìjókòó mẹ́wàá. Mọremí náà, tí ìtàn Ọ̀fà ní ọmọ ìlú àwọn ni, amí ni iṣẹ́ tó ṣe: ó jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó wo bí àwọn ọ̀tá ṣe ń múra, ó sá padà wá sọ ọ́. Ẹni tó bá fi ẹbọ ọmọ rẹ̀ nìkan kọ ìtàn ẹ̀yìn irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ju ẹran dà nù, ó ń họ eegun.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ ṣe obìnrin alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Ẹ gbà á láyè. Ẹ kàn bi í ní ohun mẹ́ta: ta ló gbà á láyè dé ìdí ẹwìrì, ta ló ń bínú sí i, kí ló sì ná an? Bàbá tí kò ní ẹlòmíràn tó máa ràn án lọ́wọ́ tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó rò pé ọmọ òun ló yẹ kó jogún owú tó. Ohun tó ná an, ẹ jẹ́ kó jẹ́ nǹkan kan pàtó: àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú kò ní tà á ní irin, ìlọ́po méjì owó ló fi ń rà á ní Ọmù-Àrán. Ó tán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé atọ́kùn á jẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà bú u pé obìnrin ni, ní ìjókòó dé ìjókòó. Èyí kì í ṣe òótọ́ ìtàn, ìyà ni. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjókòó mẹ́rin ti tó, kó sì jẹ́ ẹnu ẹni tó ní ìdí. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, ère obìnrin tó mú ohun ìjà dání wà láàárín àwọn ère òkúta ibẹ̀. A kò sọ pé èyí fi hàn pé obìnrin ń jagun níbẹ̀. Ó kàn fi hàn pé ẹni tó gbẹ́ ère náà kò rò pé ó burú láti gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún àwọn ẹ̀dá yín ní irú àyè yẹn.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣe àwọn èèyàn. Wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ opó mọ́, wọ́n á wá kọ obìnrin kan tí kì í sunkún, tí kì í dáná, tó kórìíra ọjà, tí "kò dà bí àwọn obìnrin yòókù". Àjàní tó wọ bùbá ni wọ́n bí yẹn. Bí ẹ̀dá kan bá ní láti tẹ́ńbẹ́lú gbogbo obìnrin ìlú kó tó lè jẹ́ èèyàn pàtàkì, kò tíì kúrò lójú kan.

Ní ti àtẹ dáìsì, ìṣirò kékeré kan á là yín lójú. Ká ní àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ yín, tí ẹ ń ta dáìsì sí láti mọ ohun tó ti bá ẹ̀dá kan rí, ní ìlà 8, tí 3 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ikú ẹni tí wọ́n fẹ́, ikú ọmọ tàbí ìfipábánilòpọ̀. Bí ẹni méjì bá ta dáìsì ojú 8 sí i, ó tó bíi 61 nínú 100 pé ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, máa bọ́ sí ìkan nínú mẹ́ta yẹn. Bí ẹni márùn-ún bá ta á, ó di bíi 90. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yín fi ń dà bí ìlú tí gbogbo ẹnu ọ̀nà ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún irú rẹ̀, ó máa já sí 23 fún ẹni méjì àti 49 fún ẹni márùn-ún. Àtẹ kan náà ni kí takọtabo máa ta. Bí ẹ bá ti ní àtẹ obìnrin lọ́tọ̀, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀ fún ìbéèrè gbèsè:

1. Ó gba owó ọjà tí kò tíì kó wá.
2. Ó ṣe onídùúró fún ẹni tó sá lọ.
3. Ó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà.
4. Ó mọ àṣírí ìjòyè kan, ìjòyè náà sì mọ̀ pé ó mọ̀.
5. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó gba ìyọ̀ǹda.
6. Ó ta ayédèrú ẹrù fún oníbàárà tó ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.
7. Ẹnì kan gbà á lójú ogun, kò sì tíì sọ ohun tó máa gbà.
8. Ẹnì kan nínú ilé kú, iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe wá bọ́ sí i lọ́rùn.

Ikú wà ní ìlà kẹjọ, àmọ́ iṣẹ́ ló gbé wá.

Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ẹ má ṣe fi sí àtẹ kankan, kó má baà jẹ́ dáìsì ló máa bù ú fún èèyàn. Kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ lo ìjókòó kan láìta dáìsì. Kí kálukú kọ ohun tí kò fẹ́ bá pàdé nínú gẹ́ẹ̀mù sínú bébà láìkọ orúkọ, kí ẹ̀yin nìkan kà á. Ẹ fi káàdì tí ẹ kọ X sí sí àárín tábìlì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ fo ohun tó ń lọ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa bi í nídìí.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọkùnrin, torí ìdajì ìṣòro náà wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ka iye ọkùnrin inú ìwé yín tó ní ẹni tó ń tọ́jú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdo, nítorí pé ẹni tí wọ́n ti pa gbogbo ará ilé rẹ̀ rọrùn láti kó lọ sójú ogun. Ẹ dán irú èyí wò: Àjàó, ahunṣọ ní Ìlọrin, ojú ìyá rẹ̀ ti ń fọ́, òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sun ìta kọjá alẹ́ mẹ́rin. Alẹ́ mẹ́rin yẹn á yí ọ̀nà tí gbogbo yín máa gbà padà. Ẹ óò rí i pé ó máa ń pani lára ju ẹ̀san lọ, torí ẹ̀san lè dúró, ìyá ò lè dúró.

Àwọn ará ìlú tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe náà wà níbẹ̀. Lójijì, ẹnu yín á pe oníbodè ní Sàlámì, á pe ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ní Àṣàkẹ́. Ẹ kọ ogún orúkọ sílẹ̀ nílé, mẹ́wàá ọkùnrin, mẹ́wàá obìnrin, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá pàdé, ẹ mú orúkọ tó kàn, ẹ fàmì sí i, ẹ má fò ó nítorí iṣẹ́ ẹni náà. Ibi tí ìtàn ìlú bá ti ní ọkùnrin ló ń ṣe é, bí i ti Balógun, nìkan ni kí ẹ ti yà á sọ́tọ̀.

Ní ti arákùnrin tó fẹ́ ṣe obìnrin: ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ohun tó máa ń fa ẹ̀rín ni ohùn. Ẹ sọ fún un kó má fi imú sọ̀rọ̀, kó má tín ohùn, kó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Níbi tó bá ti nira, kó ròyìn ẹ̀dá rẹ̀, ká pè é ní Àṣàkẹ́: "Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ kí ìjòyè, ó ní owó òun kò pé." Kó sọ ìkúnlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ sórí owó. Àwọn yòókù, ẹ fún wọn ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ara ẹ̀dá ẹlòmíràn ṣe àwàdà, ọmú tàbí irùngbọ̀n. Wọ́n lè fi ìwà rẹ̀ ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ fi ẹ̀dá wọn jẹ Àṣàkẹ́ ní gbèsè láti ìjókòó àkọ́kọ́, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá ti la ẹnu, owó ni wọ́n á kọ́kọ́ bá a sọ. Lẹ́yìn ìjókòó méjì, ẹ pe arákùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í bóyá ó fẹ́ máa bá a lọ. Bó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, kí Àṣàkẹ́ gba ọjà Ọ̀fà lọ, kó sì kó ìwé gbèsè gbogbo wọn dání.